Ìdí tí ẹpìyà inú pọ́ǹdì fi ń bímọ ní kékeré

Àròyé kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń sin ẹja ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ra ọmọ ẹpìyà, wọ́n bọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí wọ́n fa omi pọ́ǹdì gbẹ, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ilẹ̀. Èyí tó tó tà kò kún agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ a gbà pé ẹni tó ta ọmọ ẹja fún àwọn ló rẹ́ àwọn jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹja náà kò ní àbùkù kankan. Ó ti bímọ ni. Oúnjẹ tí ẹ rà kó lè fi sanra, ẹyin ló fi ṣe, àwọn ọmọ tó bí sì dìde, wọ́n bá a jẹ ìyókù.

Ẹpìyà Náílì, Oreochromis niloticus, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sìn. Nínú àwọn adágún ńlá ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹja yìí máa ń tó oṣù 10 sí 12 kó tó gbó, ìwọ̀n rẹ̀ á sì ti wọ 350 sí 500 gíráàmù. Nínú pọ́ǹdì tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa, oṣù 5 sí 6 ni, ní 150 sí 200 gíráàmù. Nínú pọ́ǹdì tí ẹja há sí, tí oúnjẹ kò sì tó, èyí tí kò tó 30 gíráàmù lè ti máa yé. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tó yí padà ni ibi tí wọ́n bá ara wọn, àti ohun tí ara wọn gbà pé ibẹ̀ ń sọ fún wọn nípa ọ̀la.

Oúnjẹ tí ẹ̀dá bá jẹ lójúmọ́, ibi mẹ́ta ló lè lọ: àtúnṣe ara tó ti wà, ìdàgbà, àti ìbímọ. Èyí tó bá lọ sí ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù. Abo ẹpìyà jẹ́ kí èyí hàn kedere. Tó bá yé tán, ẹnu ló ń kó ẹyin sí, ibẹ̀ ló ti ń pa, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń sá wọ̀ nígbà ewu. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì báyìí láìjẹun gidi. Bí omi bá gbóná dáadáa, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó tún ti ṣe tán láti yé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí akọ fi ń dàgbà sún mọ́ ìlọ́po méjì abo nínú pọ́ǹdì kan náà, lórí oúnjẹ kan náà.

Ẹja ńlá ń yé ẹyin púpọ̀ ju ẹja kékeré lọ. Kí ló dé tí gbogbo ẹ̀dá kò wá dúró kí wọ́n tóbi ná? Ẹni tó bá mọ bí èlé ṣe ń gun orí èlé á tètè rí ìdáhùn. Ẹ jẹ́ ká mú ẹranko méjì. Ti àkọ́kọ́ bí abo méjì nígbà tó pé ọdún kan, ó sì kú. Èkejì dúró di ọdún méjì, ó bí abo mẹ́ta, òun náà kú. Bí gbogbo ọmọ bá yè, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìran ti àkọ́kọ́ á ti di 64, ìran èkejì á jẹ́ 27 péré. Mẹ́rin ni èyí tó dúró gbọ́dọ̀ bí kó tó lè bá èkíní dọ́gba. Ẹ wá mú ikú wọ inú ìṣirò náà. Bí ìdajì àwọn tó wà láyé bá ń kú lọ́dọọdún, èyí tó yára bí méjì, ọ̀kan yè, ó rọ́pò ara rẹ̀. Èyí tó dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń dé ọdún kejì, ìyẹn kò sì pé ẹyọ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ìran rẹ̀ á máa tán lọ.

Nítorí náà, yíyára bímọ ló yẹ kó jẹ́ ìṣe gbogbo ẹ̀dá. Dídúró ló ń fẹ́ àlàyé.

Ní 1954, Lamont Cole, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ará Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò kan jáde tó da ọ̀pọ̀ láàmú. Ó ní ohun ọ̀gbìn tó bá so 101 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì kú, ìran rẹ̀ á máa gbilẹ̀ bákan náà pẹ̀lú èyí tó ń so 100 lọ́dọọdún tí kò sì ní kú láéláé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn igi tó ń lo ọgọ́rùn-ún ọdún ń wá láyé? Ní 1973, Eric Charnov àti William Schaffer, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè bíi tirẹ̀, tọ́ka sí ohun tó sọnù níbẹ̀: Cole kò ya ikú ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára ikú àgbà. Ẹ fi àǹfààní tí àgbà ní láti rí ọdún tó ń bọ̀ ṣe pínpín sí àǹfààní tí ọmọ ní láti dé àgbà. Bí àgbà 80 bá ń yè nínú 100, tí ọmọ 1 péré sì ń yè nínú 100, ẹyọ kan kọ́ ni èyí tó so lẹ́ẹ̀kan tó sì kú gbọ́dọ̀ fi ju ti ẹnìkejì lọ. Ọgọ́rin ni. Kò rọrùn kí ara kan ṣe ìyẹn. Níbi tí ọmọ ti ń kú púpọ̀, tí àgbà sì ń pẹ́, dídúró lérè. Níbi tí àgbà ti ń kú púpọ̀, ẹni tó bá ń dúró ń ṣòfò.

Kì í ṣe orí ìwé nìkan ni èyí ti wáyé. Ní erékùṣù Trinidad, ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní gọ́pì. Nínú àwọn odò kan, ó ń bá ẹja ńlá kan, Crenicichla, gbé, èyí tó ń pa gọ́pì àgbà jẹ. Lókè ìtàkìtì omi, ibi tí ẹja ńlá yìí kò lè gùn dé, ẹja kékeré kan, Rivulus, ni ọ̀tá wọn, àwọn gọ́pì kéékèèké ló sì sábà máa ń mú. Ní 1976, John Endler, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè, kó gọ́pì láti apá odò Aripo tí Crenicichla wà, ó dà wọ́n sínú odò kékeré kan tí kò ní gọ́pì tẹ́lẹ̀, tí Rivulus nìkan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 11, ìyẹn ìran 30 sí 60, òun àti David Reznick pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ọmọ inú odò méjèèjì wá sí yàrá ìwádìí, wọ́n sin wọ́n fún ìran méjì lórí oúnjẹ kan náà, nínú omi kan náà. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Ìran àwọn tí wọ́n ṣí nípò ń pẹ́ kí wọ́n tó gbó, wọ́n ń tóbi jù kí wọ́n tó bímọ, ọmọ wọn kò pọ̀ tó ti àwọn tó kù sílé, ṣùgbọ́n ọmọ náà tóbi ju ti àwọn yẹn lọ. Ìran méjì tí wọ́n kọ́kọ́ sìn nínú yàrá yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe omi tàbí oúnjẹ odò tuntun ló fà á. Ó ti wọ inú jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí òbí fi ń gbé ìrísí àti ìṣe ara fún ọmọ.

George Williams, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè mìíràn, ti sọ ní 1957 pé jíìnì kan lè ṣe ẹ̀dá lóore nígbà èwe, kó sì pa á lára nígbà ogbó, síbẹ̀ kí ó máa tàn kálẹ̀, nítorí àwọn tó ń dé ogbó kò pọ̀. Michael Rose fi kòkòrò wínníwínní tó máa ń rà bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù dán an wò, ó sì tẹ èsì jáde ní 1984. Ẹyin tí àwọn kòkòrò náà bá yé nígbà ogbó nìkan ló ń fi ṣe ìran tó tẹ̀ lé e, ó ń da ti ìgbà èwe nù. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, ẹ̀mí wọn gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ẹyin tí wọ́n ń yé nígbà èwe sì dín kù.

Ó yẹ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí wọ́n máa ń dà á pọ̀. Ẹpìyà yín tó yé ní oṣù mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́ kò tíì yí padà nínú jíìnì. Ara rẹ̀ lágbára láti yan: bí ibẹ̀ bá há, tí ìdàgbà kò ṣeé ṣe, kó bímọ ní ìwọ̀n tó bá wà. Ẹ kó ọmọ rẹ̀ sínú omi tó láyè tó sì ní oúnjẹ, yóò dàgbà. Èkejì ni èyí tó ń wọ inú ìran, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn, ó sì ṣòro láti dá padà. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló máa ń dá a sílẹ̀: lọ́dọọdún, ẹ kó àwọn ńlá lọ sọ́jà Wáàsọ̀ tàbí Àràdà, ẹ sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ di òbí. Ẹja tó dúró kó tóbi kó tó yé, ẹ ti tà á kó tó yé. Ẹja tó yé ní 25 gíráàmù ló fi ọmọ sílẹ̀. Nínú pọ́ǹdì yẹn, àwọ̀n yín ni Crenicichla. Irú nǹkan yìí ti hàn lórí òkun: kí ẹja kọ́ọ̀dù tó wà létí Newfoundland ní Kánádà tó run débi tí ìjọba fi ní kí wọ́n má pa á mọ́ ní 1992, àwọn onímọ̀ rí i lẹ́yìn náà nínú àkọsílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ni ẹja náà ti ń gbó ní ọjọ́ orí tó kéré, ní ìwọ̀n tó kéré.

Ohun tó ṣeé ṣe ní pọ́ǹdì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yíya akọ sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹja bá wọ nǹkan bí 30 gíráàmù, ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè lọ́wọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀. Akọ ní ihò méjì: ihò ìgbẹ́, àti ọ̀kan tó wà fún ìtọ̀ àti àtọ̀, ní ṣóńṣó. Abo ní mẹ́ta, ihò ẹyin sì dùbúlẹ̀ bí ìlà tín-ín-rín láàárín. Bí ojú kò bá ríran dé ibẹ̀, ẹ fi òwú kan oògùn olómi aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní GV sí i, ìlà náà á yọ. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹja tó bá pẹ́ lọ́wọ́ nínú ooru á kú lọ́jọ́ kejì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìkánjú: abo díẹ̀ tó bá yọ́ kọjá tó láti fi ọmọ kún pọ́ǹdì náà.

Ẹni tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lè kó àrọ̀ pọ̀ mọ́ ẹpìyà, kí àrọ̀ máa jẹ ọmọ wẹ́ẹ́rẹ́. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n ń kó àrọ̀ tó tóbi wọlé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹpìyà kékeré, àrọ̀ á sì jẹ ẹpìyà tí ẹ fẹ́ tà àti ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹpìyà kọ́kọ́ tóbi kọjá ohun tí ẹnu àrọ̀ lè gbà. Èkejì, wọ́n ń fi oúnjẹ tó léfòó bọ́ àrọ̀ yó. Àrọ̀ tó yó kì í lé ọmọ ẹja kiri. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ pọ́ǹdì gbẹ títí á fi sán, ẹ sì da láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń dà sí pọ́ǹdì, sí gbogbo ibi tí omi bá rọ́ sí. Ọmọ ẹja tó yè nínú omi kékeré yẹn ló máa ń di ìyá ìdààmú ọdún tó ń bọ̀. Òbí tí ẹ máa lò, nínú àwọn tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ ti mú èyí tó tóbi jù, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tó pe àwọn alájàpá.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú omi. Igi máńgòrò tó hù láti inú kóró, ọdún 5 sí 8 ló máa ń lò kó tó so. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka igi àgbà lọ́ mọ́ ọ̀dọ́ igi lè yọ òdòdó láàárín ọdún àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Àwọn tó rà á máa ń yọ̀, wọ́n á ní owó àwọn kò ṣòfò. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀ka tí wọ́n lọ́ mọ́ ọn wá láti ara igi tó ti gbó, ó sì gbé àgbà rẹ̀ dání wá. Gbòǹgbò tó ń gbé e kò tíì ju ti ọmọdé lọ. Igi náà ń fi agbára gbòǹgbò kékeré ṣe iṣẹ́ àgbà: ẹ̀ka rẹ̀ kò gbòòrò, ìgbáǹdí rẹ̀ kò nípọn, èso mẹ́ta mẹ́rin tó so lè fa ẹ̀ka kan ya.

Ní ilẹ̀ wa níbí, òdòdó máńgòrò máa ń yọ nínú ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín, ẹ gé gbogbo ṣùkù òdòdó kí ó tó tanná, ọdún mẹ́ta bí igi náà bá ṣì rù. Ẹ lo àlùmọ́gàjí tó mú, ẹ má fi ọwọ́ fà á ya. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí bí òtútù ọyẹ́ bá ṣì wà, òdòdó mìíràn lè yọ láti ìdí ewé tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ gé. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn láti gé òdòdó tó ti yọ. Ẹ gé e.

Igi òrí ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú òun: láti inú kóró, ọdún 15 sí 20 ló ń lò kó tó so èso àkọ́kọ́. Inú ọ̀dàn tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó lọ́dọọdún ló ń gbé. Ọ̀dọ́ igi tó bá ná agbára sórí èso kí èèpo rẹ̀ tó nípọn, kí gbòǹgbò rẹ̀ tó jìn, iná á mú un. Èyí tó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn ń lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò Charnov àti Schaffer ló dúró lórí ilẹ̀ yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: igi kan so ìdì kan, ó kú, ọmọ ìdí rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọmọ mẹ́fà sílẹ̀ nídìí kan ń sọ ìdì rẹ̀ di kékeré.

Ní ti ìgbín, ìgbín ńlá ilẹ̀ wa, Archachatina marginata, ń yé ẹyin 4 sí 18 lẹ́ẹ̀kan, ẹyin kọ̀ọ̀kan sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Achatina fulica, èyí tó wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń dé 400 nígbà mìíràn, ẹyin náà kò sì ju nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Fulica ń tètè gbó jù. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún ẹran, marginata ló dára. Àwọn tó ń fi fulica bẹ̀rẹ̀ nítorí pé “ó ń pọ̀ kíákíá” máa ń bá ara wọn pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbín tí oníbàárà kò fẹ́ rà.

Nínú adìẹ ẹlẹ́yin, ìmọ́lẹ̀ ni ara adìẹ fi ń mọ ìgbà. Ojúmọ́ wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ó ń rìn láàárín nǹkan bí wákàtí 11 àbọ̀ sí 12 àbọ̀. Bí ẹ bá tan gílóòbù mọ́jú fún ọ̀dọ́ adìẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ tó pé, ẹ ti pàṣẹ fún un pé kó yé. Ẹyin rẹ̀ á kéré fún ìgbà pípẹ́, ìdí á máa yọ síta lára àwọn kan, àwọn yòókù á sì máa fi ẹnu ṣá ìdí náà títí adìẹ á fi kú. Ẹ má fi wákàtí ìmọ́lẹ̀ kún un títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18, kí adìẹ sì ti wọn nǹkan bí kílò 1.3 sí 1.5, bí ẹ̀yà rẹ̀ bá ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi ìdajì wákàtí kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi pé 16. Ẹ wọn wọ́n o, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Oúnjẹ ẹlẹ́yin tó ní kálísíọ́ọ̀mù 3.5 sí 4 nínú 100 kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ẹyin àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egungun ara rẹ̀ ló máa yọ́ fi ṣe èèpo.

Ewúrẹ́ ló kù, òun ni mo sì rò pé a ń ṣe àìdára sí jù. Òbúkọ ẹ̀yà kúkúrú wa lè gun abo láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Abo lè gba akọ ní oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Oyún rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọjọ́ 150. Èyí tó lóyún ní oṣù márùn-ún á bí ní oṣù mẹ́wàá, nígbà tí ó yẹ kí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣì máa gbòòrò. Ìrọbí á le, wàrà kò ní tó, ọmọ á kú, ìyá fúnra rẹ̀ kò sì ní dàgbà tó mọ́. Ẹ dúró títí yóò fi pé oṣù 10 sí 12, tàbí kó wọn ìdá 60 sí 70 nínú 100 ìwọ̀n ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá wọn kílò 22, ọmọ gbọ́dọ̀ ti wọ 13 sí 15. Èyí kò ṣeé ṣe níbi tí gbogbo ẹran ti jọ ń jẹ kiri àdúgbò, àfi kí ẹ ya àwọn ọmọ akọ kúrò láàárín abo kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, tàbí kí ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́dàá.

Ẹ tún wo ohun tí ọjà ọdún ń ṣe. Òbúkọ àti àgbò tó tètè tóbi ni à ń kọ́kọ́ tà ní Iléyá àti Kérésìmesì. Tí wọ́n bá kúrò ní agbo lẹ́ni ọdún kan, ọmọ tí wọ́n lè fi sílẹ̀ ni èyí tí wọ́n bí kí wọ́n tó tóbi. Èyí tó rù, tí oníbàárà kò wò lẹ́ẹ̀mejì, ló ń dúró gun àwọn abo fún ọdún mẹ́ta. Nínú àwọn akọ tí wọ́n bí láàárín oṣù kan náà, ẹ wọn gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá já ọmú, ẹ tún wọn wọ́n ní oṣù mẹ́fà, ẹ sì yan èyí tó wọn jù ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ bí ìbejì tó sì tọ́ méjèèjì yè. Ẹ tẹ̀ àwọn yòókù lọ́dàá, ẹ tà wọ́n ní Iléyá. Ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ yàn gun àwọn abo, ẹ wá tà á tàbí kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú agbo mìíràn kí àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ tó tó gùn.